Agbálùmọ̀ Ìyá Agbẹ̀bí àti Kabúrétọ̀ Méjì

Ní ìlú Òkè-Odò, níbi tí ọ̀nà ọjà ti pàdé ọ̀nà oko, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan wà tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ṣọ́ọ̀bù Ìlàjì. Ọkùnrin méjì ló ni ín. Èkíní ni Ògúndìran, ẹni tí ó dákẹ́ bí omi inú àmù, tí ó lè fi odidi òwúrọ̀ kan tẹ́tí sí ìró ẹ́ńjìnnì kí ó tó la ẹnu sọ ohun tí ó gbọ́. Èkejì ni Akínṣẹ̀yẹ, ẹni tí ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú ọwọ́ rẹ̀ dé ìdí iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ náà kì í pẹ́ dé. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì gba òmìnira. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́, kò sí ohun tí wọn kò bá ara wọn jà lé lórí: sípánà, àpótí ìjókòó, títí kan ibi tí òjìji igi máa ń bọ́ sí lọ́sàn-án.

Nítorí ìjà yìí ni ọ̀gá wọn, Baba Fágbèmí, ṣe pè wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ nígbà tí àìsàn dá a wólẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ni mo fi ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀ fún. Gbogbo iṣẹ́ tó bá wọlé, ẹ là á sí méjì. Kí oníkálukú mọ apá tirẹ̀, kí ó má sì ti ọwọ́ bọ apá ẹnì kejì. Bẹ́ẹ̀ nìkan ni n óò fi lè sùn."

Baba sùn, wọ́n sì pa òfin rẹ̀ mọ́ bí ẹni ń pa èèwọ̀ ìdílé mọ́. Bí ọkọ̀ bá wọlé, Ògúndìran a mú àwọn táyà ọ̀tún, Akínṣẹ̀yẹ a mú ti òsì. Ẹnì kan a tún iná ọ̀tún ṣe, ẹnì kejì a tún ti òsì ṣe. Ohun tí kò bá ṣeé là, wọn a máa gbà á fún ara wọn ní ìkọ̀ọ̀kan: bí Ògúndìran bá tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan, Akínṣẹ̀yẹ ni yóò tú ti ọkọ̀ tó bá tún dé. Àwọn oníbàárà a máa rẹ́rìn-ín wọn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń rìn, ìjà sì ti tán. Ọdún ń gorí ọdún, kò sí ẹni tó fi ìka kan ohun tó wà ní apá ẹnì kejì.

Báyìí ni nǹkan rí nígbà tí Ìyá Agbẹ̀bí ránṣẹ́ pè wọ́n pé kí wọ́n wá wo ọkọ̀ ọkọ òun.

Ìyá Agbẹ̀bí, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Ìyáàfin Fẹ̀hìntọlá, ti gbẹ̀bí fún bí ìdajì ìlú kí ó tó fẹ̀yìn tì. Awọnlẹ̀, ẹni tí ń wọn ilẹ̀ fún ènìyàn, ni ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé, ọkùnrin tí ó fẹ́ràn kí ó máa fi ọkọ̀ sáré lójú títì ju oúnjẹ lọ. Ọkọ̀ asáré kékeré kan ni ó rà nígbà ayé rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò ní òrùlé, kò gbà ju ènìyàn méjì lọ, ó sì lúgọ sílẹ̀ bí ológbò tí ó ń ṣọ́ eku. Àwọ̀ ara rẹ̀ ló mú kí ìlú sọ ọ́ ní Agbálùmọ̀. Nígbà tí Ògúndìran wà ní kékeré, bí Agbálùmọ̀ bá ń gun Òkè Amúnimíhẹlẹ ní ìrọ̀lẹ́, a fi oúnjẹ sílẹ̀, a jáde síta, a dúró gbọ́ ọ. Ọkọ̀ náà kì í pariwo. Kíkùn ni ó máa ń kùn, ohùn kan tó jinlẹ̀ tó sì dán, bí ohùn àwọn akọrin tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọrin pọ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n ìró yẹn ló fà á dé ìdí iṣẹ́ mẹkáníìkì.

Láti ọjọ́ tí awọnlẹ̀ ti kú, abẹ́ àtíbàbà ni Agbálùmọ̀ wà. Adìẹ ti yé sórí àga rẹ̀, alántakùn sì ti fi ìdarí rẹ̀ ṣe ilé.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Màmá kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní, "Ẹ wò ó, Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni wọn yóò ṣí ilé ìgbẹ̀bí tuntun tí wọ́n kọ́ sórí òkè, èmi ni wọ́n sì ní kí n wá ṣí i. Ọkọ̀ Baba yín ni mo fẹ́ fi gòkè lọ. Bí ó bá gòkè, èmi àti ẹ̀ la jọ wà títí alẹ́ ayé mi. Bí kò bá gòkè, Gbàdébọ̀ onírin àlòkù ti ní òun yóò kó o. Mo ti sin ọkọ. N kò lè máa tọ́jú òkú ọkọ̀."

"Màmá, yóò gòkè," ni Akínṣẹ̀yẹ dáhùn kí ó tó yọjú wo inú rẹ̀ rárá.

 Gbàdébọ̀ ni Ògúndìran ń wò, ẹni tí ó ti dé ìdí ọkọ̀ náà ṣáájú wọn, tí ó sì ń fi ìka kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kókókó bí ẹni ń yẹ ìkòkò wò lọ́jà. Bí ó ti ń kàn án ni eyín ń dun Ògúndìran.

Gbàdébọ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìlú dé ìlú ni ó ń káàkiri ra irin tí kò wúlò mọ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn. "Irin gidi nìyí," ni ó wí. "Bí wọ́n bá yọ́ ọ, ìkòkò tí yóò jáde níbẹ̀ yóò tó àdúgbò kan."

"Ìwọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ́," ni Akínṣẹ̀yẹ fún un lésì. "Ikùn rẹ nìkan tó ìkòkò ìgbéyàwó."

Wọ́n fi okùn fa Agbálùmọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ti tún ṣe rí, kabúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní. Kabúrétọ̀ ni ibi tí atẹ́gùn ti ń pàdé epo bẹntiróò kí ẹ́ńjìnnì tó fà á mu. Bí atẹ́gùn bá pọ̀ jù níbẹ̀, ebi ni yóò máa pa ẹ́ńjìnnì. Bí epo bá sì pọ̀ jù, yóò máa pọ èéfín dúdú. Ọ̀kan ṣoṣo sì ti tó ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n inú Agbálùmọ̀, méjì ló wà, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n jọ ara wọn dé orí ìdè tó dè wọ́n mọ́ ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì so wọ́n pọ̀.

Akínṣẹ̀yẹ pàtẹ́wọ́. "Dìran, Ọ̀gá ti mọ̀ pé ọkọ̀ yìí ń bọ̀. Wò ó, a ti là á sí méjì fún wa láti ilé tí wọ́n ti ṣe é."

"Ti iwájú ni tèmi," ni Ògúndìran wí jẹ́jẹ́.

"Mú un. Ti ẹ̀yìn ni tèmi."

Wọ́n tú ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀ kí oníkálukú lè ráyè ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n nù wọ́n, wọ́n dá wọn padà sí àyè wọn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbà láti jí, iṣẹ́ tó kù ni yíyí àwọn sukúrù kékeré tó ń díwọ̀n ohun tí kabúrétọ̀ ń mí sínú. Bí wọ́n ti ń ṣe é kò ṣòro láti sọ: ẹni tó ń yí i yóò ki orí kan rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹnu kabúrétọ̀, yóò fi orí kejì sí etí, yóò sì máa gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Ògúndìran gbọ́ tirẹ̀ pẹ́. Ó yí i, ó gbọ́ ọ, ó tún yí i, títí èémí náà fi rọ̀ bí atẹ́gùn tó ń gba àárín imọ̀ ọ̀pẹ kọjá. Inú rẹ̀ dùn, ó dìde, ó lọ fọwọ́. Akínṣẹ̀yẹ wá kúnlẹ̀ ti tirẹ̀, òun náà yí i títí ó fi dùn ún gbọ́ létí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Ògúndìran padà fi rọ́bà sí etí, kò mọ ohun tí ó ń gbọ́ mọ́. Kabúrétọ̀ tirẹ̀ ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré dé.

"Ṣẹ̀yẹ, o fọwọ́ kan tèmi."

"Èmi? Ọwọ́ mi rèé, gbóòórùn rẹ̀. Epo tèmi nìkan ló wà lára rẹ̀."

"Mo fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àlàáfíà."

"Bóyá àlàáfíà ló rìn jáde. N kò rí i kó kọjá lọ́dọ̀ mi."

Ògúndìran tún tirẹ̀ ṣe. Bí tirẹ̀ ti rọ̀ padà ni ti Akínṣẹ̀yẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó di pé Akínṣẹ̀yẹ náà ní wọ́n fọwọ́ kan tòun. Láti ọjọ́ tí Baba Fágbèmí ti kú, ẹnikẹ́ni kò pe ẹnì kejì ní arúfin rí, ọ̀rọ̀ náà sì korò lẹ́nu àwọn méjèèjì. Akínṣẹ̀yẹ wá òwú pupa kan, ó we é mọ́ sukúrù tirẹ̀, ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, òwú yóò jẹ́rìí. Ògúndìran lọ bu ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ díẹ̀ nílé, ó bù ú wọ́n orí sukúrù tirẹ̀ nígbàkigbà tí ó bá ti yí i tán, kí ó lè rí ojú ìka olè. Ó tilẹ̀ fa àpótí súnmọ́ ọn, ó jókòó, ó tẹjú mọ́ ìyẹ̀fun náà ní gbogbo ìgbà tí Akínṣẹ̀yẹ ń ṣiṣẹ́ lára ti ẹ̀yìn. Òwú kò já. Ìyẹ̀fun kò ní ojú ìka kankan. Síbẹ̀, bí ọ̀kan ti ń rọ̀ ni èkejì ń ṣàárẹ̀.

"Àfi bí Ọ̀gá bá jí dìde wá fọwọ́ kàn án," ni Akínṣẹ̀yẹ wí. Kò sì rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì dé, ọjọ́ tó ṣáájú ìṣílé. Wọ́n so ọ̀pá náà padà, wọ́n ní kí àwọn dán Agbálùmọ̀ wò lórí Òkè Amúnimíhẹlẹ bó ti wà. Ìdí òkè ni ó ti kọ́kọ́ fò bí ewúrẹ́. Kò tíì dé ìdajì tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sín, ó tutọ́ èéfín dúdú lu adìẹ kan tó ń ṣa yangan lẹ́bàá ọ̀nà mọ́lẹ̀, ó sì kú sójú ọ̀nà. Gbàdébọ̀ ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn wọn, okùn ìfà rẹ̀ ní èjìká.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ni ó wí, "mo ti mú okùn wá."

Wọ́n rọra jẹ́ kí ọkọ̀ náà yí padà sẹ́yìn dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì tì í dé ṣọ́ọ̀bù. Ògúndìran yọ àwọn púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sínú ẹ́ńjìnnì náà, ó tò wọ́n sórí aṣọ ìnuwọ́. Méjì tí kabúrétọ̀ iwájú ń bọ́ funfun bí ẹfun, wọn kò rí epo tó. Méjì tí ti ẹ̀yìn ń bọ́ dúdú bí ìdí ìkòkò, epo ti yó wọn bì. Akínṣẹ̀yẹ wò wọ́n, ó ní ti Ògúndìran ni kò dára. Ògúndìran ní ti Akínṣẹ̀yẹ ni kò dára. Ohùn àwọn méjèèjì sì ti ròkè, àní ti Ògúndìran pàápàá, nígbà tí Ìyá Agbẹ̀bí fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ wọlé pé òun wá wo ibi tí nǹkan dé.

Màmá jókòó sórí àpótí. Kò bá wọn wí. Ó wo òwú pupa, ó wo ìyẹ̀fun, ó wo rọ́bà méjì ní ọrùn ọkùnrin méjì tó kẹ̀yìn sí ara wọn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ló dé, Màmá?" ni Akínṣẹ̀yẹ béèrè.

"Ẹ rán mi létí ìyá àgbà méjì kan ni. Mo gbẹ̀bí ìbejì fún aboyún kan lápá ìsàlẹ̀ ìlú nígbà kan. Wàrà kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́yàn ìyá wọn. Ìyá ọkọ gbé Táyé, ó ní tòun nìyẹn. Ìyá ìyàwó gbé Kẹ́hìndé, ó ní tòun nìyẹn. Bí ìyá ọkọ bá gbé Táyé sọ́mú, kò ní í já a lẹ́nu ọmú àfi tó bá bì. Kí Kẹ́hìndé tó débẹ̀, ọmú ti gbẹ. Ìyá ìyàwó náà á wá fa ìyá àwọn ọmọ náà mọ́ra títí wàrà fi sun padà, á rọ Kẹ́hìndé kún bí àpò. Lónìí Táyé ń bì, Kẹ́hìndé ń ké. Lọ́la Kẹ́hìndé ń bì, Táyé ń ké. Àwọn ìyá àgbà sì ń bú ara wọn pé ẹnì kejì ló fi ojú burúkú wo ọmọ òun."

"Kí lẹ wá ṣe sí i?" Ògúndìran ló béèrè báyìí, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀.

"Mo ní kí wọ́n jókòó ti ara wọn, kí orúnkún kan orúnkún. Táyé mu díẹ̀, kí wọ́n wo ojú Kẹ́hìndé. Kẹ́hìndé mu díẹ̀, kí wọ́n padà wo ojú Táyé. Kò pẹ́ kò jìnnà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ náà yọ. Ẹ̀yin rèé tí ẹ gbé ọmọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹ ń fi òwú ṣọ́ ara yín."

Màmá sọ tirẹ̀ tán, ó ń nu ojú. Ṣùgbọ́n Ògúndìran kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ẹ́ńjìnnì náà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ hàn án. Kabúrétọ̀ méjì ni lóòótọ́, àmọ́ ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ń fa èémí láti ẹnu àwọn méjèèjì. Bí Akínṣẹ̀yẹ bá ṣí ti ẹ̀yìn díẹ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì yóò yára sí i, yóò sì fa ti iwájú lọ́nà tí kò gbà fà á tẹ́lẹ̀. Kò sí olè. Kò sí òkú tó jí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń ṣọ́ ara wọn, wọ́n ń ti ọwọ́ bọ apá ara wọn láì fọwọ́ kàn án.

Ó yọ rọ́bà kúrò lọ́rùn, ó nà án sí Akínṣẹ̀yẹ. "Gbà, wá gbọ́ tèmi. Kí èmi náà gbọ́ tìrẹ."

Akínṣẹ̀yẹ fà sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ le, kò sì sí àwàdà níbẹ̀. "Dìran, o gbàgbé òfin Ọ̀gá? Ó ní kí á má ti ọwọ́ bọ apá ara wa."

Ògúndìran rò ó díẹ̀. "Ọwọ́ ni Ọ̀gá wí. Kò dárúkọ etí."

Màmá kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, Akínṣẹ̀yẹ tẹ̀lé e, nígbà tí ó sì rẹ́rìn-ín tán, ó gba rọ́bà.

Wọ́n dá àwọn púlọ́ọ̀gì padà, wọ́n tú ọ̀pá náà, wọ́n jí ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ oníkálukú wà lórí sukúrù tirẹ̀, etí rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ ẹnì kejì. "Kí ni tèmi ń wí?" ni Ògúndìran a béèrè. "Ó ń sáré, rọra fà á sẹ́yìn." Ògúndìran a yí i díẹ̀, ìwọ̀n ìbú irun. "Tèmi ńkọ́?" ni Akínṣẹ̀yẹ a wí. "Kò mí tó, ṣí i díẹ̀. Ó tó. Padà gbọ́ tèmi." Kò sí ẹni tó tẹ́ tirẹ̀ lọ́rùn tán lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, láti iwájú sí ẹ̀yìn, láti ẹ̀yìn sí iwájú, títí ó fi di pé bí wọ́n ṣe gbé rọ́bà láti ẹnu ọ̀kan sí èkejì, etí kò mọ èwo ni èwo mọ́. Ìgbà náà ni wọ́n tó dá ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀ padà, wọ́n sì dè é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Ìyá Agbẹ̀bí wé gèlè rẹ̀ mọ́rí dan-in kí atẹ́gùn má baà gbà á lọ, ó sì jókòó sídìí ìdarí. Àga kan ló ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Akínṣẹ̀yẹ ti ń múra láti sọ pé kí àwọn là á sí méjì, kí ẹnì kan jókòó lọ, kí ẹnì kejì jókòó bọ̀, ṣùgbọ́n Ògúndìran ní kí ó jókòó síbẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀. Ẹsẹ̀ ni òun fi gun òkè dé ibi tí ọ̀nà ti tẹ̀ kọrọ, ó sì dúró sí etí ọ̀nà. Gbàdébọ̀ bá a níbẹ̀ pẹ̀lú okùn rẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀. Kò sín, kò wúkọ́. Ó ń kùn. Agbálùmọ̀ yọ lábẹ́ òkè, ó tẹ orí mọ́ ọ̀nà, ó ń gùn ún bí ẹni tí wọ́n ń retí nílé, Màmá sì na ọrùn díẹ̀ lórí ìdarí kí ó lè rí ọ̀nà dáadáa, Akínṣẹ̀yẹ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ju ọwọ́ sí gbogbo ènìyàn bí olóyè. Wọ́n kọjá. Ìró náà gun òkè lọ, kò já, kò sì lọ sílẹ̀, títí àtẹ́wọ́ àwọn tó ń dúró lókè fi bò ó mọ́lẹ̀. Ògúndìran kò kúrò lójú kan.

Gbàdébọ̀ ká okùn rẹ̀. "Ìkòkò àdúgbò kan rèé tó gbòkè lọ," ni ó wí. "Ògúndìran, wá sọ fún mi. Àná ni ọkọ̀ yìí kú lójú mi. Kí lẹ fún un jẹ?"

Ògúndìran tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ dá a lóhùn pẹ̀lú gbólóhùn kan péré. Gbàdébọ̀ tún un wí lẹ́nu ara rẹ̀, ó dùn mọ́ ọn, ó sì gbé e lọ bí ó ti ń gbé irin.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ó bá àwọn àgbà ìlú kan níbi tí wọ́n ti ń pín oko kòkó láàárín ọmọ ìyá méjì. Wọ́n ti fẹ́ fi gbogbo ibi ọlọ́ràá tẹ́ ẹ̀gbọ́n lọ́rùn kí wọ́n tó pe àbúrò wọlé. Gbàdébọ̀ tí ó kàn wá ra àdá àlòkù ló sọ gbólóhùn náà láti ẹnu ọ̀nà. Àwọn àgbà wo ara wọn, wọ́n ní kí wọ́n pe àbúrò wá jókòó, oko sì pín láìsí ìjà. Àwọn agbẹ̀bí gbọ́ ọ, wọ́n ní tàwọn ni. Àwọn mẹkáníìkì ní irọ́ ni, tàwọn ni. Onílàjà ń lò ó, olóbìnrin méjì ń lò ó, ẹni tó sì ń lò ó jù lọ kò rí kabúrétọ̀ rí. Bí gbólóhùn inú Ṣọ́ọ̀bù Ìlàjì ṣe di ti gbogbo ayé nìyẹn, tí ó fi jẹ́ pé títí di òní, bí àgbàlagbà bá rí ẹni tó ń tún apá kan ṣe tí kò yíjú wo èkejì, ohun tí yóò wí ni pé: "A kì í bọ́ Táyé yó kí a tó wo ojú Kẹ́hìndé."